Wọ́n Máa Ń Bá Bàálù Lọ Sílé

Aránṣọ ni obìnrin yìí, ṣùgbọ́n kì í ránṣọ fún ènìyàn. Àga ló ń wọṣọ fún. Àga pálọ̀, àga inú mọ́tò, àga ilé ìwòsàn tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti bó, ohunkóhun tí ènìyàn bá ń fi ìdí lé, yóò gbé téèpù sí i, yóò wọ̀n ọ́n, yóò sì rán ẹ̀wù tó bá a mu gẹ́lẹ́. Ìdí nìyí tí àdúgbò fi ń pè é ní Ìyá Àga. Àwọn aláwàdà a máa bi í pé mélòó nínú àwọn ọmọ rẹ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin ló ti lọ sílé ọkọ. Òun náà kì í gbà fún wọn. Á ní, "Ẹ̀yin tí ẹ jókòó lé ọmọ ọlọ́mọ lórí, ẹ kọ́kọ́ dìde fún un ná."

Ọkọ rẹ̀ ń kó ẹrù ní pápákọ̀ òfurufú kékeré kan nílùú etí òkun. Ìyá Àga àti ọmọbìnrin wọn kan ṣoṣo ń gbé ní ìlú apá òkè, níbi tí pápákọ̀ mìíràn wà, tó kéré ju ti ọ̀hún lọ. Láàárín ìlú méjèèjì, òkè gíga wà, adágún odò sì wà lẹ́yìn òkè. Ọ̀nà mọ́tò kò rí àárín òkè gbà, ńṣe ló ń pọ́n, tó ń sọ̀, tó tún ń yí adágún po bí ẹni tí nǹkan rẹ̀ sọnù. Ẹni tó bá wọ mọ́tò kí oòrùn tó yọ ní etí òkun, iná yóò ti tàn sílé onílé kí ó tó bọ́ sílẹ̀ lápá òkè. Ẹgbẹ̀ta kìlómítà ni.

Nítorí náà, ìparí oṣù nìkan ni ọkọ máa ń wálé. Á dé lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ẹsẹ̀ rẹ̀ á ti wú, ekuru á ti sọ irun rẹ̀ di funfun. Ìyá Àga á gbé omi gbígbóná kalẹ̀ fún ẹsẹ̀ yẹn, kò sì ní tíì gbé e kúrò nínú omi tí oorun á fi gbé e lọ. Ọjọ́ Àbámẹ́ta nìkan ni wọ́n ní, nítorí àfẹ̀mọ́júmọ́ ọjọ́ Àìkú ló ń padà. Bí àwọn ará ilé bá bi obìnrin náà pé irú ìgbéyàwó wo nìyí, ìdáhùn rẹ̀ kì í yí padà: "Ọ̀nà jìn ni. Ṣé kí ó fò wá ni?"

Ẹ gbọ́ bí ó ṣe sọ ọ́. Ṣé kí ó fò wá ni! Bàálù sì ń kọjá lórí òrùlé rẹ̀ lójoojúmọ́.

Kò kúkú bi ẹnikẹ́ni rí pé báwo ni bàálù yẹn ṣe ń pẹ́ sí lọ́nà. Kí ni ìyẹn kàn án? Nǹkan àwọn ọlọ́lá ni. Àfi nígbà tí àwọn tó ni bàálù gan-an wá kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Ẹ̀wù àwọn àga inú ọkọ̀ wọn ti ya, wọ́n sì ti gbọ́ pé kò sẹ́ni tó ń wọṣọ fún àga bíi tirẹ̀. Ó wọ̀n wọ́n, ó rán wọn. Nígbà tí ó rán wọn tán, wọ́n ní ọ̀gá àwọn wà ní etí òkun, kí ó gbé ẹ̀wù náà wá fúnra rẹ̀, kí ó wọ̀ ọ́ fún àga kan lójú ọ̀gá. Àwọn yóò gbé e lọ láàárọ̀, àwọn yóò sì gbé e padà lọ́sàn-án.

"Láàárọ̀ sí ọ̀sán?" Ó rò pé wọ́n ń fi òun ṣeré ni. Kò wí fún ọkọ rẹ̀. Ó fẹ́ kí ó ṣàdédé rí òun ni, kí ó ya ẹnu. Ó tún fa ọmọ rẹ̀ lé alábàágbé wọn lọ́wọ́ fún ọjọ́ méjì, nítorí kò gba ọ̀rọ̀ "lọ́sàn-án" yẹn gbọ́. Alábàágbé náà sì tẹ́wọ́ sókè pé, "Àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Lọ, kí o lọ rí i wá fún wa."

Ìyá Àga di ìrẹsì sínú abọ́ onídèérí, ó mú aṣọ òtútù, ó mú ìrọ̀rí kékeré tí yóò fi sùn lójú ọ̀nà. Nínú bàálù, ohùn awakọ̀ jáde láti òkè: ọ̀nà òfurufú tí àwọn fẹ́ rìn jẹ́ igba kìlómítà, yóò sì gba ogójì ìṣẹ́jú. Ó wojú ọkùnrin tó jókòó tì í.

"Ẹ gbà mí o, ogójì kí ni wọ́n wí?"

"Ìṣẹ́jú, mà."

Ó rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin yìí náà kò gbọ́ dáadáa. Ó ṣí ìrẹsì rẹ̀, ó ń jẹun pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀ ẹni tó ní gbogbo ọjọ́ níwájú. Kò tíì jẹ dé ìdajì tí ọmọbìnrin tó ń tọ́jú èrò fi ní kí ó pa abọ́ dé, àwọn fẹ́ balẹ̀. Nígbà tí táyà kan ilẹ̀, ó tún bi ọkùnrin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé ibo ni wọ́n ti yà yìí.

"A ò yà síbì kan, mà. A ti dé."

Háà! Ìyá Àga wo ìta. Ó rí òkun. Òkun tí ọkọ rẹ̀ ń ròyìn fún un, tí ọmọ rẹ̀ ń yà sínú ìwé, òun nìyẹn, ó tẹ́ lọ bẹẹrẹ. Bí ó bá gbé ẹ̀wà kaná nílé kí ó tó jáde, ẹ̀wà ọ̀hún kò tíì rọ̀. Ara rẹ̀ tutù wọ̀ọ̀. Nígbà tí ó ń bọ́ sílẹ̀, bàálù mìíràn ń gbéra lọ sí apá ibi tí ó ti wá, ó sì dúró lórí àtẹ̀gùn tó ń wò ó títí àwọn tó wà lẹ́yìn fi bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jọ̀ọ́ kí ó sún síwájú.

Nínú ilé pápákọ̀, ọmọbìnrin kan wà nídìí káńtà, ọ̀dọ́ tó mọ́ tónítóní, tó kúnlẹ̀ díẹ̀ láti kí i bó tilẹ̀ jẹ́ pé káńtà kò jẹ́ kí a rí orúnkún rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, mà."

"Káàárọ̀, ọmọ mi. Ọkọ mi ni mo wá kí. Ibí ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀ka tó ń kó ẹrù ni wọ́n wà."

"Ẹ̀ka ẹrù? Áà, ẹ ò lè bá wọn mọ́, mà. Ọjọ́ Ẹtì ṣá lònìí. Bàálù tó gbéra nísinsìnyí yẹn, òun ni wọ́n bá lọ sílé."

"Ilé wo?"

"Ilé wọn lápá òkè. Ibi tí ẹ ti ń bọ̀ yẹn náà ni. Gbogbo ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n máa ń bá bàálù lọ sílé. Òṣìṣẹ́ kì í sanwó, tí àyè bá ti wà."

"Gbogbo ọjọ́ Ẹtì?"

"Wọn kì í pa á jẹ, mà," ọmọ náà ń rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ìyàwó ń retí, àwọn ọmọ ń retí. Ta ni ò ní lọ?"

Ìyá Àga di káńtà mú. Ẹ̀rín músẹ́ ṣì wà lójú ọmọ yẹn, kò sì mọ̀ pé òun ṣẹ̀ṣẹ̀ da ilé kan rú.

Ó rìn débi ìjókòó, ó jókòó, kò tilẹ̀ wo aṣọ tó wà lára àga náà, èyí tí kì í ṣe ìwà rẹ̀. Gbogbo ọjọ́ Ẹtì. Lápá òkè. Nínú ìlú tí òun ń gbé, tí òun ti ń sọ fún ayé pé ọ̀nà jìn. Ìyàwó ń retí! Ìyàwó wo? Ọkàn rẹ̀ ń wọlé, ó ń jáde ní gbogbo òpópónà ìlú náà. Obìnrin tó ń ta búrẹ́dì ní ìkóríta ńkọ́, tó máa ń fẹyín bi í pé "Ọkọ yín ńkọ́?" Opó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìwé ńkọ́, tó ra kọ́tìnì tuntun láìpẹ́ yìí? Àwọn ọmọ ń retí! Kì í ṣe ọmọ kan, àwọn ọmọ! Ẹsẹ̀ wíwú tí òun ń gbé omi kaná fún ńkọ́? Ekuru orí yẹn ńkọ́? Àbí ńṣe ló máa ń bu ekuru sórí lójú ọ̀nà kí òun má bàa fura? Ọgbọ́n àrékérekè tí òun gan-an kò ní rárá ni ó ń rò mọ́ ọkùnrin tí kò lè purọ́ fún ọmọ ọwọ́. Ṣùgbọ́n ìjayà kì í jẹ́ kí ènìyàn ronú tààrà.

Ẹrù bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Bẹ́líìtì ń yí, aṣọ rọ́bà dúdú ni wọ́n fi bo ihò tí ẹrù ń gbà wọlé, ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò hàn. Ìyá Àga dìde nítorí pé iṣẹ́ oníṣẹ́ wà nínú ẹrù tirẹ̀. Ó rí i tó ń bọ̀, ẹrù ńlá tí ó fi okùn aláwọ̀ ewé dì. Ó há mọ́ aṣọ rọ́bà. Ọwọ́ kan sì yọ láti òdì kejì láti tì í.

Àtàǹpàkò ọwọ́ náà wọ́. Ilẹ̀kùn ikùn bàálù ló pa á mọ́, Ìyá Àga fúnra rẹ̀ ló wẹ egbò ọkọ rẹ̀ ní ìparí oṣù kan. Kò sí ẹlòmíràn lórí ilẹ̀ ayé tó ní irú rẹ̀.

Kò ronú. Ó fò lórí ẹrù ẹlẹ́rù, ó sì gbá ọwọ́ náà mú.

"Yéè!" Igbe ta lẹ́yìn rọ́bà. "Ẹ gbà mí! Nǹkan ti mú mi o!"

"Èmi ni nǹkan náà," ni Ìyá Àga wí. "Jáde síbí."

Bẹ́líìtì ṣì ń yí, ó ń wọ́ obìnrin náà lọ díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú àpótí àwọn ènìyàn, kò sì tú ọwọ́ sílẹ̀. Ẹnìkan sáré pa ẹ̀rọ. Ọkọ rẹ̀ yọ orí láàárín rọ́bà méjì, ojú rẹ̀ ràn kankan, ó ń wo ìyàwó rẹ̀ bí ẹni tó rí òkú. Ọ̀gá àwọn agbẹ́rù, ọkùnrin aláìnírun kan tó lóhùn bí àgbá, sáré wá, ó kó àwọn méjèèjì lọ sí ẹ̀yìn, níbi tí wọ́n ń to kẹ̀kẹ́ ẹrù sí.

"Ìwọ," ni obìnrin náà bẹ̀rẹ̀, "ilé ta ni o máa ń lọ lọ́jọ́ Ẹtì?"

Ìwọ! Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ ara wọn, "ẹ̀yin" ló ń pe ọkùnrin yìí. Kò pè é ní ìwọ rí nínú ìjà, kò pè é nínú àwàdà. Ọ̀gá agbẹ́rù pàápàá gbọ́ ọ, ó sì fà sẹ́yìn.

"Ilé ta ni báwo?" ni ọkọ wí. "Ibí ni mo máa ń wà lọ́jọ́ Ẹtì, àfi ti ìparí oṣù. Ìyá ọmọ mi, kí lẹ—kí lo wá ṣe níbí? Ta ló gbé ọ wá?"

"Má yí ọ̀rọ̀ padà! Ọmọbìnrin ìta yẹn ti tú ọ fó. Ó ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n ń bá bàálù lọ sílé, pé ìyàwó ń retí, àwọn ọmọ ń retí. Ìyàwó wo?"

Ọ̀gá agbẹ́rù bú sẹ́rìn-ín, ó rín in títí ó fi di kẹ̀kẹ́ ẹrù mú. "Ìyàwó tiwa ló sọ! Àwa agbẹ́rù ni 'wọ́n' tí ọmọ yẹn ń wí. Àwọn yòókù ti lọ, èmi ń dúró de bàálù ọ̀sán. Gbogbo wa la máa ń lọ, àfi òun."

Ẹ wá wo nǹkan. Èdè wa ní ọ̀wọ̀, ọ̀wọ̀ yẹn náà ló fẹ́ pa ènìyàn. Bàbá kan ṣoṣo, "wọ́n" ni. Agbo agbẹ́rù ogún, "wọ́n" náà ni. Obìnrin kan béèrè "wọ́n" ẹyọ kan, ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ilé sì fi "wọ́n" ogún dá a lóhùn. Ká ní ọ̀kan nínú wọn jẹ́ aláfojúdi ni, ìlú ì bá rọrùn.

Ìyá Àga mí kanlẹ̀. Oòrùn yọ padà. Opó ẹ̀gbẹ́ ilé ìwé gba ìdáǹdè láìmọ̀ pé òun wà lẹ́wọ̀n. Ṣùgbọ́n ìmí yẹn kò tíì délẹ̀ tán tí ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn fi tún padà sí i létí.

"Àfi òun, ẹ ní? Kí ló dé tó fi jẹ́ àfi òun?"

Ọ̀gá agbẹ́rù dẹ́kun ẹ̀rín. Ó wo ọkọ, ọkọ ń wo bàtà rẹ̀. "Ẹ má bínú, mà. Mo ti rò pé ẹ mọ̀. Nígbà tó kọ́kọ́ dé, Baba Ẹrù là ń pè é, nítorí kò sí ẹrù tí kò lè gbé. Ọjọ́ tí a ní kó wá bá wa wọ bàálù lọ sílé, ó dé ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀. Àwọn ọmọ iṣẹ́ bá fi àmì kún orúkọ náà, ó di Baba Ẹ̀rù. Òun ló ń dúró síbí fún gbogbo wa ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, àfi ti ìparí oṣù."

Ẹnu ya Ìyá Àga, kò lè pa á dé. Ó wo ọkọ rẹ̀, ọkùnrin gìrìwò tó máa ń gbé ẹ̀rọ ìránṣọ òun pẹ̀lú ọwọ́ kan.

"Wọ́n lè gbé ọ ní ọ̀fẹ́?"

Ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ìgbà tí mo ti dé ibí."

"Ọmọ rẹ ń rá kòrò nígbà tí o dé ibí! Ó ti ga dé èjìká mi!"

"Ìyá ọmọ mi, mi ò lè ṣe é. Tó bá ti gbéra, tí mo bá wo ìsàlẹ̀ rẹ̀, kò sí nǹkan kan níbẹ̀, kò sí okùn, kò sí igi, ara mi á máa gbọ̀n. Èmi tí mò ń kó ẹrù sínú rẹ̀ mọ bó ṣe wúwo tó. Mo tijú láti sọ fún ọ. Ọmọ ń sọ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ nílé ìwé pé ọ̀gá bàálù ni bàbá òun."

"Ogójì ìṣẹ́jú," ni Ìyá Àga wí. Ohùn rẹ̀ kò le mọ́, ìyẹn gan-an ló sì dẹ́rù bà wọ́n. "Mi ò jẹ ìrẹsì mi tán. Obìnrin ì bá sàn. Ká ní obìnrin ni, mo mọ ẹni tí mo máa lọ bá jà. Ta ni kí n bá jà báyìí?"

Ó gbé ẹrù rẹ̀, ó lọ wọ ẹ̀wù fún àga lójú ọ̀gá àwọn tó ni bàálù. Ó bá a mu wẹ́kú, ọ̀gá yìn ín, kò gbọ́ ohun tí ó wí. Nígbà tí ó padà, ọkọ rẹ̀ ṣì wà níbi tí ó fi í sí.

"Lọ́sàn-án yìí ni mò ń padà," ló wí fún un. "Àyè wà nínú ọkọ̀, mo ti béèrè. Tí o bá bá mi wọ̀ ọ́, a jọ ń lọ sílé wa. Tí o kò bá wọ̀ ọ́, má ṣe wá ní ìparí oṣù yìí. Má sì ṣe wá ní ìkejì. Mi ò gbé omi kaná fún ẹsẹ̀ yẹn mọ́."

Kò fi ṣeré. Ọkọ rẹ̀ mọ̀ ọ́n, kò fi ṣeré.

Nígbà tí àkókò tó, Baba Ẹrù dé ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn, ó dúró. Òógùn bo aṣọ iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn èrò yà fún un lọ́tùn-ún lósì. Ìyá Àga ti wọlé, kò bojú wẹ̀yìn, ṣùgbọ́n ó ń bẹ Ọlọ́run lọ́kàn rẹ̀ pé kí òun má baà ti fi ẹnu ara òun tú ilé òun ká. Lẹ́yìn ó rẹyìn, ó gbọ́ ohùn ọ̀gá agbẹ́rù nísàlẹ̀: "Ó ku èyí tó wúwo jù! Ẹ bá mi tì í!" Ariwo bá sọ. Nígbà tí ó gbójú sókè, ọkọ rẹ̀ ń bọ̀ láàárín àga, ó ń di gbogbo wọn mú lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ó jókòó, ó di ojú, ó di ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ mú tí egungun rẹ̀ fi ń dún. Bàálù gbéra. Ó sọ orúkọ Ọlọ́run, ó sọ ti ìyá rẹ̀. Ìbínú ṣì wà nínú ìyàwó rẹ̀, àánú ọkọ náà sì ń ṣe é, méjèèjì jọ ń ta kàn-ń-gbọ̀n. Nígbà tí táyà kan ilẹ̀, ọkùnrin náà sọ láìla ojú pé, "Mo ti mọ̀ pé nǹkan á bàjẹ́. Wọ́n ti gbé wa padà, àbí?"

"La ojú rẹ."

Ó là á. Ó rí òkè tó wà lẹ́yìn ìlú wọn, tí oòrùn ọ̀sán ń ràn sí lára. Ó wò ó títí. Ó wo ìyàwó rẹ̀. Ó tún wo òkè náà.

"Ibí lẹ wà?" ó wí. "Ìyá ọmọ mi, ṣé ibí náà lẹ ti wà láti ọjọ́ yìí?"

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ẹkún gidi tí àgbàlagbà ọkùnrin máa ń bò mọ́lẹ̀. Èrò sọ̀kalẹ̀ tán, kò dìde. Ìyá Àga dúró tì í títí ó fi parí rẹ̀, nítorí òun náà ti sunkún tirẹ̀ nínú.

Ìgbà tí wọ́n délé, ó jókòó ní pálọ̀, ó ń wo iyàrá náà kiri. Kò tíì rí oòrùn ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì rí nínú ilé yìí, bí ó ṣe ń gba fèrèsé ẹ̀gbẹ́ wọlé. Wọ́n gbọ́ ẹsẹ̀ ọmọ wọn tó ń ti ilé ìwé bọ̀, tó ń sáré, tó ń kọrin. Bàbá rẹ̀ dìde, ó fi ọwọ́ nu ojú, ó tún ẹ̀wù rẹ̀ ṣe.

Ọmọ náà, tó yẹ kó lọ sílé alábàágbé, rí ilẹ̀kùn wọn ní ṣíṣí, ó yà sẹ́nu ọ̀nà, orin dá. Ó wo bàbá rẹ̀, ó wo ojú rẹ̀ tó pọ́n. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni ọkùnrin yìí wálé rí láìjẹ́ pé oṣù parí, ọjọ́ tí wọ́n sin ìyá rẹ̀ àgbà ni. Àpò ìwé já bọ́ lọ́wọ́ ọmọ.

"Bàbá," ó wí, "ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú, ọmọ mi. Mo wálé ni."

Kò gbà á gbọ́. Ó wo ìyá rẹ̀, ó rí i pé ìyá rẹ̀ wà láàyè, ó bá sáré jáde lọ sílé alábàágbé, ó ń pe orúkọ àwọn ará ibẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan láti mọ ẹni tí kò ní dáhùn.